Irun Ewúrẹ́ Nínú Ìgò

Ọdún mẹ́ta ni 'Mapontšo fi irun ewúrẹ́ di inú ìgò oògùn rẹ̀
kó má baà dún.
Oògùn a máa dún, ẹ gbé e rìn wò:
ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ lábẹ́ kúbùsù,
ìyá ọkọ a sì ti ìdí ààrò béèrè
kí ló ń ké lára ìyàwó bí ẹyẹ tí wọ́n há mọ́ àpò.

(Orúkọ wọn ò ṣòro fún wa: 'Ma ni ìyá, Pontšo lọmọ.
Ní Lesotho náà, ọmọ ní ń sọ obìnrin lórúkọ.)

Òkè ló ń bí òkè ní Mokhotlong.
Wákàtí márùn-ún lórí ẹṣin kí o tó dé ilé ìwòsàn;
bí yìnyín bá bọ́, má kà á mọ́.
Ibẹ̀ ni 'Mankopane ti rí i, tó kọjú sí ògiri.
Kò bi í léèrè. Ó sún lórí bẹ́ǹṣì.

"Àwa márùn-ún la ń pín ọ̀nà yìí.
Ẹnì kan á lọ, á gba ti gbogbo wa bọ̀.
Bí o bá ṣe ìkẹfà, ẹ̀ẹ̀kan péré lo máa gun òkè lọ́dún."
Ìṣirò ló fi mú un, kì í ṣe àánú.

Ní yàrá 'Mankopane, èédú ni gègé, ilẹ̀ ni pátákó:
èyí ẹ̀jẹ̀, èyí sójà inú ẹ̀jẹ̀, èyí kòkòrò tó ń jẹ sójà.
Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ pa kòkòrò rẹ́ díẹ̀díẹ̀.
"Bó bá kéré débi tí àyẹ̀wò ò rí i mọ́,
tó o sì ń lo oògùn rẹ lójoojúmọ́,
kò ní tara rẹ bọ́ sára ọkọ."
'Mapontšo ní, "Tún un sọ."
Ó tún un sọ.
"Tún un sọ."

Ẹni tó sọ àrùn yìí ní kògbóògùn nílé wa,
ì bá wá jókòó nílẹ̀ eléèédú yẹn.
Àrùn ti gbóògùn. Èèyàn ni ò tíì gbọ́.

Oṣù keje, ọ̀gìnnìtìn, àpéjọ lágbàlá olóyè.
Tšehlo dìde, ó ní káwọn "obìnrin wọ̀nyẹn"
máa pọnmi tiwọn nísàlẹ̀, kí wọ́n yé fọwọ́ kan orísun.
'Mankopane ò sí nílé: òun ló kàn láti lọ gboògùn,
ọjọ́ kẹta rèé, yìnyín ti bo ojú ọ̀nà.

Ta ni yóò wá sọ ọ́?

'Mapontšo yọ ìgò,
ó ń fa irun ewúrẹ́ jáde, fọ́nrán kan, fọ́nrán kan,
bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ,
ó wá mi ìgò náà lójú gbogbo wọn.
Ó dún.
"Ọdún mẹ́ta lẹ ti ń mu omi tí mo pọn. Ta ló kú?"
Olóyè wúkọ́, ó sún ọ̀rọ̀ sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Wọ́n rìn délé, ìyá ọkọ ò fọhùn.
Ó di ìdí ààrò: "Irun ewúrẹ́ ta ni?"
"Tiyín ni, Mà."
"Mo ti ń rò ó pé ta ló ń fá ewúrẹ́ mi níkọ̀kọ̀."
Ó nawọ́ gba ìgò, ó mì í sétí.
"Kí ló dé tó fi ń pariwo báyìí?"
"Ó ku mẹ́rin péré, Mà. Ìgò tó kún kì í dún tó báyìí."

Obìnrin àgbà náà tan fìtílà,
ó da kúbùsù bora, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà,
ó ń dẹtí sí pátákò ẹṣin.