Bàtà Táíbátù

Ọjọ́ kìíní tí mo dé Kóòtù Àgbègbè,
ẹsẹ̀ Táíbátù gba bàtà nọ́ńbà méjìdínlọ́gbọ̀n.
Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú owó ilé ìwé,
ìrẹsì, ọṣẹ, oògùn ibà.
Ó ní, "Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ méjì òní."

Ọ̀sẹ̀ méjì pé, alkálì ti lọ ṣèpàdé ní Kàdúná.
Oṣù tó tẹ̀ lé e, fáìlì ò sí níbi tí wọ́n fi í sí.
Lẹ́yìn náà, lọ́yà Gàníyù ń wúkọ́,
ó fi lẹ́tà dókítà ránṣẹ́.
Mo rí i lọ́sàn-án ọjọ́ náà ní Ìpàtà,
ó ń ná àgbò, ohùn rẹ̀ já gaara.

Òkèlele ni mo ti ń mọ ìkòkò.
Amọ̀ ò mọ̀ pé wọ́n sún ẹjọ́ síwájú:
bí o ò bá fọwọ́ rà á nígbà tó tutù,
á gbẹ, á là.
Wọ́n sún ẹjọ́, èmi sun ìkòkò.
Ìgbàkígbà tí wọ́n bá sún un
mo fi èékánná fa ìlà kan sí ọrùn ìkòkò tútù.
Ìlà di mọ́kànlá.
Àwọn oníbàárà rò pé ọnà ni,
wọ́n ń fowó kún un.

Ìyá Músílímọ̀ ní kí n fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́.
Mo ti fi lé e lọ́wọ́ tipẹ́.
Ọlọ́run ò béèrè rìsíìtì, kóòtù ń béèrè,
ìyẹn ni agolo mílíìkì yìí ṣe kún.

Nígbà kejìlá, n ò jẹ́ kí akọ̀wé ṣí kàlẹ́ńdà.
Mo gbé bàtà náà sórí tábìlì.
"Olúwa mi, nọ́ńbà inú ìwé yín rèé.
Ẹsẹ̀ tó wọ̀ ọ́ ò sí mọ́.
Mọ́kànlélọ́gbọ̀n la wà báyìí.
Kí ẹjọ́ máa rìn bó ṣe ń rìn,
ṣùgbọ́n ẹ pàṣẹ oúnjẹ ná, kó tó dé."

Gàníyù ń wo bàtà, kò wò mí.
Òun ló rà á, lọ́dún Ìtúnu Ààwẹ̀,
ó kúnlẹ̀, ó so okùn rẹ̀ fún ọmọ.

Alkálì bọ́ awò, ó kọ̀wé:
ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ lọ́sẹ̀, títí ẹjọ́ yóò fi parí.

Ó san ọ̀sẹ̀ méjì.
Lọ́sẹ̀ kẹta, kí akọ̀wé tó ṣí fèrèsé,
mo ti dúró níbẹ̀, agolo lábẹ́ abíyá.
Láàárọ̀ yẹn ni Táíbátù sọ fún mi
pé àtàǹpàkò òun ti ń kan iwájú.