Òkú Ò Mọ Òkè Í Gùn

Iṣẹ́ ojú ni mò ń ṣe ní Mọ́kọ́lá,
mò ń gé dígí sínú férémù,
mò ń bi àgbàlagbà léèrè: "Ṣé èyí ló mọ́lẹ̀ jù àbí tàkọ́kọ́?"
Kò sẹ́ni tó fura níbẹ̀
pé tí mo bá ti délé lálẹ́, tí mo bọ́ bàtà,
òkú ni mò ń bá ṣeré.

Ó ti pẹ́.
Ṣọ́ọ̀bù Bọ̀ọ̀dá Láníhùn ní Òkè-Àdó,
náírà márùn-ún, kásẹ́ẹ̀tì kan, di ọ̀la.
Òjò ti pa àwòrán ara páálí rẹ̀,
síbẹ̀ ọwọ́ kan ń yọ bọ̀ láti inú ilẹ̀
bí èhù iṣu.
Èmi àti Fẹ̀hìntọlá, ẹ̀gbọ́n mi, fi aṣọ ìbora kan borí,
mo fọwọ́ bojú, mo sì la ìka sílẹ̀:
ojú tó lóun ò wò ló rí i jù.
Bí ọmọbìnrin náà ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú báyìí,
Nẹ́pà mú iná.
Kò sí òǹkọ̀wé tó lè kọ òkùnkùn yẹn.
Ọjọ́ mẹ́ta kí iná tó dé. A san owó ìtanràn.
Ajá ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo bá wọn pàdé nínú ìwé àlòkù ní Dùgbẹ̀:
wọ́n ti fi ewé mẹ́rìnlá tó gbẹ̀yìn di ẹ̀pà,
títí dòní n kò mọ̀ bóyá dókítà yẹn yè é.
Mo gbọ́ wọn lórí rédíò, aago mọ́kànlá alẹ́,
ìró ẹsẹ̀ lásán, ìró ẹsẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́,
etí mi ya àwòrán tí kámẹ́rà kò gbọdọ̀ yà.
Ní báyìí, nínú géèmù orí fóònù,
láàárín oníbàárà kan sí èkejì,
àwọn òkú tí àtàǹpàkò mi ti tún pa
á kún ọjà Bódìjà fọ́fọ́.

Àlàájà Sínótù, onílé mi, bá mi wo ọ̀kan.
Ó pòṣé. Ó ní,
"Òkú wo lèyí? Kò mọ orúkọ ara rẹ̀, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀.
Àkúdàáyà tiwa, á kọjá sí Ṣakí,
á gbéyàwó, á bímọ mẹ́ta, á máa dájọ déédéé,
àfi ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ bá yà síbẹ̀ ni yóò pòórá.
Òkú tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ nìwọ̀nyí."
Lọ́jọ́ kejì ó kanlẹ̀kùn,
àwo gúgúrú lọ́wọ́,
ó ní apá kejì ńkọ́.

Mo ti mọ ibi tí a ó sá gbà.
Kì í ṣe Ògùnpa; omi ibẹ̀ kò ṣeé fọkàn tán.
Kì í ṣe Bẹẹrẹ; òrùlé ibẹ̀ fara kan ara,
òkú á máa ti orí kan bọ́ sí èkejì.
Òkè-Ààrẹ ni, inú ilé-ìṣọ́ Bówà,
àtẹ̀gùn ibẹ̀ há, ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín.
N ó mú Àlàájà, nítorí ẹnu rẹ̀.
N ó mú Múfútàù tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe.
N kò ní mú àna mi kan, ó mọ ara rẹ̀.
Òkú ò mọ òkè í gùn:
fíìmù mẹ́sàn-án ló jẹ́rìí sí i.
Wọ́n gùn ún nínú ìkẹwàá, ṣùgbọ́n fíìmù burúkú nìyẹn.
Ìlú tó gba olè, tó gba ọ̀lẹ,
kò lè lé òkú;
kó ṣáà san owó ilé ọdún méjì,
kó fi ti éjẹ́ǹtì lé e.

Wọ́n máa ń bi mí pé ṣé ayé yìí ò dẹ́rù bà mí tó ni.
Ó dẹ́rù bà mí.
Ṣùgbọ́n èyí, owó mi ni mo fi rà á,
mo mọ ibi tí bọ́tìnì rẹ̀ wà.

Fẹ̀hìntọlá ti wà ní Kánádà. Lálẹ́ Sátidé
a ó ka ení, èjì, ẹ̀ta lórí fóònù,
a ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.
Iná kì í lọ lọ́dọ̀ tirẹ̀; ó ní bóyá ìdí nìyẹn
tí ẹ̀rù ò fi dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́.
Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan nawọ́ sí ilẹ̀kùn,
gbogbo Yemẹ́tù ṣókùnkùn.
Mo gbọ́ bí èémí ẹ̀gbọ́n mi ṣe já ní òdìkejì ayé.
"Ṣé kí n sọ ọ́?"
Má sọ, mo ní. Má tíì sọ.