Páànù Kì Í Sọ Tinú Rẹ̀

Oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká nílẹ̀,
sátẹ́láìtì kọjá lórí Àkúrẹ́ kí agogo mọ́kànlá tó lù.
Ẹnikẹ́ni kò gbójú sókè wò ó.
Àwọn ọlọ́kadà ń du èrò mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní Òkè-Àró,
odò Àlà ń wọ́ ọ̀rá omi lọ sísàlẹ̀.
Ó ya gbogbo wa, ó bá tirẹ̀ lọ.

Èmi ni mo jókòó ti àwòrán náà ní Àùlé,
iná dé, iná lọ,
mo ń bi ilẹ̀ léèrè:
bí ara kan bá wà tí kì í fi ooru pamọ́ rárá,
tó ń tú gbogbo tinú rẹ̀ sójú ọ̀run,
èló ni tìrẹ nínú ọgọ́rùn-ún tirẹ̀?

Sátẹ́láìtì kò lè fọwọ́ kan ilẹ̀ wò
bí ìyá ti í fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí ọmọ.
Ewé ni a kọ́kọ́ ń bi.
Ewé a máa gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì,
a sì máa ju èkejì padà, èyí tí ojú ènìyàn kò rí.
Yọ pupa tó ṣẹ́kù kúrò nínú èyí tó jù padà,
fi àpapọ̀ àwọn méjèèjì pín in.
Bí kò bá tó ìdá kan nínú márùn-ún,
a ní ilẹ̀ lásán ni: mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún.
Bó bá ju ìdajì lọ,
a ní igbó ni: mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún.
Bó bá bọ́ sáàárín,
a pò ó bí bíríkìlà ti ń po yanrìn mọ́ sìmẹ́ńtì.

Báyìí ni oko kòkó bàbá mi lọ́nà Ìdànrè ṣe di nọ́ńbà.
Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó fi ṣíji bo irúgbìn,
igi obì tó jogún, ihò òkété,
ibi tí wọ́n sin ìwọ́ mi sí:
mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún.
N kò bínú. Igbó kì í purọ́.

Ṣùgbọ́n ní Ọba-Ilé, lágbo ilé Ìyá Fèyíṣará, ìyá ìyá mi,
níbi tí bùọ̀dá mi ti kan páànù tuntun,
tí àwọn aládùúgbò náà sì ti pààrọ̀ tiwọn,
tó ń dán tó fi jẹ́ pé àwòdì ń yà fún un,
èsì mi ní ibẹ̀ tutù ju ojú títì lọ.

Tutù kẹ̀?

Mo mú tẹmómítà, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá.
Màmá wà lórí ẹní lẹ́yìn ilé, abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́.
Wọ́n ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti kan páànù náà
àwọn kò tíì sun oorun ọ̀sán kan ní yàrá.
"Ààrò ni wọ́n gbé lé mi lórí.
Ti àtijọ́ tó ti dógùn-ún yẹn sàn. Ó máa ń mí."

Ó máa ń mí.
Mo dúró bí ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi.
Ewé ni òfin mi mọ̀, àti erùpẹ̀;
ta ló sọ fún un nípa irin,
ohun tí ń jó nínú, tí ojú rẹ̀ ń dán,
tí kì í tú ju díẹ̀ lọ fún ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè?
Mo rántí Bùọ̀dá Akíndúró fúnra rẹ̀,
tó ń rẹ́rìn-ín lórí àkàbà pẹ̀lú ìṣó lẹ́nu,
tí a kò mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti oṣù mẹ́jọ
títí ó fi dákú.

"Ẹ̀rọ òkè yẹn," Màmá ní, "ṣé ó rí mi?"
"Ó rí òrùlé yín."
"Kí ló wí?"
"Ó ní ara yín tutù."
Wọ́n rẹ́rìn-ín títí abẹ̀bẹ̀ fi bọ́.
"Ó ṣeun. Wá bá mi fa ẹní yìí sábẹ́ mángòrò."