Lẹ́tà A

Orúnkún Reino Kangas kò gba àṣẹ mọ́.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi gun àkàbà àká ọkà
létí adágún ní Thunder Bay;
ó ti san gbèsè náà tán, èlé ló kù tó ń san.
Ìdí nìyí tó fi kó ilé rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́:
rìmóòtù dúdú pẹlẹbẹ, bọ́tìnnì mẹ́jọ,
kò sí waya, kò sí okùn.
Ó tẹ ọ̀kan, iná pálọ̀ á tàn.
Ó tẹ èkejì, ẹ̀rọ amúlégbóná á mí hìn.
Ó tẹ ẹ̀kẹta,
rédíò á lanu lórí pẹpẹ.

Ẹ má fojú rédíò lásán wò ó o.
Òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀,
ibi tí èéfín kò dé rí.
Èríàlì rẹ̀ kò ju ọmọrí agolo lọ,
ó jókòó sójú fèrèsé gúúsù, ó gbójú sókè
bí ọmọ ẹyẹ tó ń retí ìyá rẹ̀.
Bí yìnyín bá bò ó, ohùn á já.
Reino á fi búrọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ gbá a, ohùn á padà,
ṣùgbọ́n ìròyìn kì í dúró de ẹni tó lọ gbálẹ̀.

Lóṣù Kínní, lóru tí òtútù ń la igi nígbó,
aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá,
rédíò dédé jí.
Ọkùnrin kan ń ka iye owó àlìkámà
fáwọn àgbẹ̀ tó ti sùn.
Nígbà tó di ogún ìṣẹ́jú, ó tún pa ara rẹ̀.
Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́ kẹta.

Reino tú u palẹ̀ sórí tábìlì.
Ó pààrọ̀ bátìrì. Ó ka ìwé ìlànà rẹ̀ látòkè délẹ̀,
ó ka apá tí wọ́n fi Faransé kọ pàápàá.
Ó fi èdè Finland tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ bú u,
torí èébú inú èdè yẹn wúwo ju irin lọ.
Rédíò gbọ́, kò fèsì.
Aago méjì lù, ó jí.

Tuuli, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló rẹ́rìn-ín lórí fóònù:
"Bàbá àgbà, ẹnì kan nítòsí yín ń lo irú rẹ̀.
Lẹ́tà A ni gbogbo wọn ń gbé jáde láti iléeṣẹ́.
Ẹ yí ojú kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ sí C, ó parí."

Lóru ọjọ́ náà, ó wọ kóòtù, ó mú ọ̀bẹ kékeré,
ó jókòó sí fèrèsé.
Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá:
iná ìdáná Verna Petrunka tàn lódìkejì ọgbà,
rédíò lanu lẹ́yìn Reino lẹ́ẹ̀kan náà.
Verna dúró, kò jókòó.
Ó ń bó ọsàn kan, díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni tí wọ́n ń sanwó wákàtí fún.
Láti ìgbà tí wọ́n ti fi àga onítáyà gbé Metro jáde
lóṣù Kẹwàá, Reino kò tíì bá a sọ ju
"ẹ kú òtútù" lọ.
Ó wo ọ̀bẹ. Ó wo lẹ́tà A.
Ó fi ọ̀bẹ sápò.
Ohun kan ṣoṣo tó yí ni ìkànnì:
bó bá jẹ́ pé a ó máa jí, kó má jẹ́ tìtorí àlìkámà.
Ó wá ibi tí dùùrù ti ń rìn jẹ́jẹ́, ó fi í síbẹ̀.

Oṣù Kẹta, yìnyín ń yọ́, wọ́n pàdé nídìí ọgbà.
Verna ní, "Iná ìdáná mi ń ṣe kiní kan o.
Bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, á tàn fúnra rẹ̀.
Oníná yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan.
Mo bá kúkú ń dìde lọ dáná. Mo rò pé
ẹnì kan ló ń rán mi létí oúnjẹ."

Aago mẹ́fà ni Reino máa ń tẹ bọ́tìnnì kẹta.
Ó wo bàtà rẹ̀. Ó wo èríàlì lójú fèrèsé.
"Ó lè jẹ́ òtútù," ló wí.

Látọjọ́ náà, bí ìròyìn tilẹ̀ ti tán, tí oorun ń kùn ún,
kì í pa rédíò
títí Verna yóò fi fọ abọ́ rẹ̀, tí yóò nu ọwọ́.