Ìwúkàrà Raili

Ní Oulu, níbi tí oòrùn oṣù Kejìlá
ti ń yọjú bí ajigbèsè,
Raili bu ìyẹ̀fun ráì ṣíbí méjì
fún ohun tó ń mí nínú ìgò.
Ìyá ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ pò ó. Kò tíì kú.

Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́:
"Ó wú lóru. Ẹ wo ihò ara rẹ̀."
Kó tó nu ọwọ́, Aizada ti dáhùn láti Osh
pé tòun ṣì ń sùn, òtútù ló mú un.
Fabián, ní Punta Arenas, ní kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò,
kó faṣọ bò ó bí ọmọ tuntun.
Igba ènìyàn ó lé mẹ́tàlá,
wọn ò mọ ojú ara wọn,
ọwọ́ ara wọn ni wọ́n mọ̀:
àpá iná lára àtàǹpàkò Fabián,
òrùka tí Aizada bọ́ lésìí
tẹ́nikẹ́ni ò bi í léèrè.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn tó ni ilé tí kò lógiri yìí kéde:
ìparí oṣù la ó tìlẹ̀kùn.
Ẹ kó ẹrù yín.
Ẹrù wo? Ọ̀rọ̀ ọdún mọ́kànlá,
àárọ̀ tí búrẹ́dì Fabián jóná di èédú
tí gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú.
Ta ní í di ẹ̀rín sápò?

Eetu, ọmọdé inú wọn, ní ẹ̀rọ kan ti wà
tó ń dáhùn gbogbo ìbéèrè, tí kì í sùn.
Raili bi í ìdí tí tirẹ̀ fi ń rùn kíkan.
Ó dáhùn. Ìdáhùn náà pé pérépéré.
Kò ṣáà bi í pé, "Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti jẹun?"

Lálẹ́ ọjọ́ náà ó tẹ́ ìwúkàrà sórí bébà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́,
ó jẹ́ kó gbẹ, ó rún un wẹ́wẹ́,
ó pín in sápòòwé igba ó lé méjìlá,
ó lá etí wọn títí ahọ́n rẹ̀ fi kú.
Ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan ló kọ àdírẹ́sì ilé rẹ̀ sí,
ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

N ò mọ ibi tí wọn yóò tún ti pàdé.
Bóyá wọn yóò dín kù.
Bóyá ilé tó ń bọ̀ yóò há, tí kò sì ní ní onílé.
Ìwúkàrà díẹ̀ ní í mú odindi ìyẹ̀fun wú, a ti gbọ́;
ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ jí bọ́ ọ.

Nínú oṣù Kejì, lẹ́tà dé láti Osh,
ìyẹ̀fun ṣì wà létí bébà.
"Ó ti jí," ni Aizada kọ. "Orúkọ rẹ ni mo sọ ọ́."
Raili gbé omi kaná.