Táyà Mẹ́rin

Mervyn ló máa ń wá. Ogún ọdún gbáko.
Yóò fi ẹsẹ̀ ta èyí, yóò fi ẹsẹ̀ ta tọ̀hún,
yóò ní, "Ceferino, olè ni ọ́,"
yóò sì mú èyí tí owó rẹ̀ kéré jù.
Ó kú nínú oṣù Kẹta.
Láàárọ̀ yìí, ìyàwó rẹ̀ ló wa píkọ́ọ̀pù náà wọ ọgbà mi,
ó na ọrùn lórí sítíárìn bí ẹni ń yọjú lójú fèrèsé.

Afẹ́fẹ́ Chubut kì í kan ilẹ̀kùn.
Ó ṣí fìlà lórí Fermín, ọmọ iṣẹ́ mi,
ó ń yí i lọ sọ́nà Esquel, ọmọ ń sáré tẹ̀ lé e.
Màmá Eluned kò rẹ́rìn-ín.
"Òjò dídì ń bọ̀. Igba àgùntàn wà lọ́rùn mi.
Ta táyà fún mi.
Má ta èmi."

Mo fi jáàkì gbé ọkọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.
Alákọ̀wé ń ka ìwé; táyà ni èmi ń kà.
Ti ẹ̀yìn méjèèjì ti pá bí orí bíṣọ́ọ̀bù.
Ti iwájú lápá ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ inú nìkan ló jẹ:
ó ń dán, wáyà ti ń yọ níbẹ̀ bí egungun ẹja.
"Òkúta kan wà lẹ́nu géètì yín," mo ní,
"lápá ọ̀tún. Ojoojúmọ́ ló ń gùn ún."
Ó wò mí bí ẹni tí a ká mọ́lé.
"Ó ní ọ̀la lòun máa hú u."
Ó dákẹ́.
"Mo ti hú u. Ọjọ́ kejì tí a sin ín, mo mú ọ̀pá irin."

Ó wá kan yíyàn.
Mo yí eléyín ńlá síwájú rẹ̀, ààyò àwọn ọ̀dọ́,
tó ń gé ẹrẹ̀ bí ọkọ́,
ṣùgbọ́n lórí ọ̀dà, á máa kùn bí ilé oyin,
á sì máa mu epo bí ọ̀mùtí.
Mo yí ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kò pariwo, kò wọ́n.
Òkúta wẹ́wẹ́ ọ̀nà Gualjaina á fi jẹun ọ̀sán.
Mo yí ẹ̀kẹta, alára líle,
tí a la ojú rẹ̀ wínníwínní kó lè di yìnyín mú.
Ó kúnlẹ̀ tì í, ó wọ awò ojú rẹ̀.
"Kí ni nọ́ńbà mẹ́rin yìí?"
Àyà mi já. Ẹnikẹ́ni kì í bèèrè.
"Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é ni, àti ọdún."
Ó fi ìka ṣírò.
"Ọdún mẹ́fà! Èyí ti jókòó sílé ju opó lọ. Gbé e padà."
Mo gbé e padà.

Fermín ló rí i lábẹ́ ọkọ̀: sípéà,
eruku bò ó bí aṣọ.
A da omi sí i. Irun wínníwínní ara rẹ̀ ṣì pé,
irú ẹ̀kẹta yẹn gan-an, ọba táyà nínú ṣọ́ọ̀bù mi,
kì í sì í ṣe lọ́wọ́ mi ló ti rà á!
Ọkùnrin tó ń pè mí lólè
ti ra ohun tó dáa lẹ́ẹ̀kan, ó so ó mọ́ abẹ́,
kò jẹ́ kó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ rí.
Màmá fi àtàǹpàkò ra irun náà síhìn-ín sọ́hùn-ún.
"Ọdún mọ́kànlá," mo ní kó tó bi mí.
"Rọ́bà tó bá sinmi jù, gbígbẹ ló ń gbẹ."
"Mo ti kà á.
Dá a padà síbi tó fi sí.
Fún mi ní mẹ́rin irú ẹ̀, tí wọ́n ṣe lọ́dún yìí."

Ó tú owó láti inú ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn,
ó kà á lé mi lọ́wọ́, kò dúnàádúrà,
kò pè mí lólè.
Ìyẹn ló dùn mí.
Mo yọ díẹ̀ nínú owó náà, mo dá a padà fún un.
Nígbà tó lọ tán, Fermín ní, "Ọ̀gá, kí ló dé?"
Mo ní kó lọ wá fìlà rẹ̀.