Òṣùwọ̀n Tiwa

Lókè Salyan, ní Nẹpálì, ọdún mẹ́tàdínlógún
ni Dhanmaya fi ta atalẹ̀ fún oníbàárà kan ṣoṣo.
Àpò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ ẹ lọ́rùn,
bó bá ti kan irin bàbá náà, a fúyẹ́ bí ìyẹ́.

Lọ́dún yìí, ilé mọ́kànlélógójì dáwó jọ,
a ra òṣùwọ̀n.
Tikaram gbé e pọ̀n gòkè bí ọmọ tuntun.
Ìyá àgbà kan ní àfi kí wọ́n kọ́kọ́ wọn òun;
ó ní òun ò mọ̀ pé òun ṣì wúwo tó báyìí.

Ìgbẹ́ ẹfọ̀n àti ewé gbígbẹ la fi bo ebè;
atalẹ̀ ń yọ ìka lábẹ́ ibẹ̀.

Bàbá náà dé. Ó wo irin wa, ó wo tirẹ̀,
ó ní ọ̀nà jìn,
ẹ fún òun lómi ná.